Àádọ́ta Iṣu Bàrúwà

Ẹ wọ Ayétòrò lónìí, kí ẹ ní Nathaniel Ọmọ́délé lẹ ń wá, ẹ ó wá a títí bàtà yín yóò fi jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ní Músíyé lẹ ń wá, kíá ni wọn ó ti mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọn ó sì bá yín kan ilẹ̀kùn. Ó di ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n báyìí tí ọkùnrin náà ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní èdè Faransé, orúkọ tí àwọn elédè náà fi ń pe ọ̀gá ló sì di orúkọ tó ń jẹ́ láàárín ìlú. Àṣìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ pàápàá, Músíyé ló ń pè é. Àfi tó bá fẹ́ fa ìjàngbọ̀n ló máa ń pè é ní Bàbá Ìtẹ́, nítorí Ìtẹ́olúwakìíṣí, àkọ́bí wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé ìtòsí ibodè rí, ẹ jẹ́ n là yín lóye. Kò jìnnà sí wa rárá. Ẹ rìn síwájú díẹ̀, bọ́ńjù ti rọ́pò ẹ káàárọ̀, náírà ti di sẹfà, aṣọ́bodè sì ti na ìwé kan sí yín tí ẹ kò lè kà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń wá Músíyé. Alágàárì tí oníbàárà rẹ̀ ní Kútọnu bá fi ohùn ránṣẹ́ sí lórí Wásáàpù, Músíyé ni yóò bá a gbọ́ ọ. Awakọ̀ tí àwọn aṣọ́bodè ọ̀hún bá fún ní ìwé, Músíyé ni yóò bá a kà á, kí ó tó mọ̀ bóyá kí òun san owó ni tàbí kí òun yíwọ́ padà. Bàbá tó bá sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ yege Faransé, ilé Músíyé ni ọmọ yóò ti máa gba lẹ́sìnnì láràárọ̀ Sátidé.

Èló ni Músíyé ń gbà? Ẹ má béèrè. Mo ní ẹ má béèrè, nítorí níhìn-ín, a kì í bi tíṣà ní èló. Ẹni tó bá bi í ti bú u, tíṣà tó bá sì dáhùn ti bú ara rẹ̀. Ohun tí à ń ṣe ni pé, tí iṣẹ́ bá parí, a ó dúpẹ́, a ó dìde, a ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ la ó ti wá rántí pé nǹkan kan wà nínú àpò wa. A ó fi í sórí fèrèsé, a ó ní, "Ẹ fi ra ọṣẹ." Tíṣà yóò ní, "Ẹ ò bá má ṣe wàhálà." Àwa náà yóò ní, "Kò tó nǹkan." Ó bùṣe. Tó bá jẹ́ iṣu ni, a ó ní kí ó fi tọ́ ọ wò. Tó bá jẹ́ adìẹ ni, a ó ní ó wá bá àwọn ọmọ ṣeré. Kò sí adìẹ tó bá àwọn ọmọ Músíyé ṣeré ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kí ó tó bá ara rẹ̀ nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń sọ ọ́ náà nìyẹn.

Bàbá tó bí Músíyé, katikíìsì ni, ó sì ṣe tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ títí ó fi darúgbó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀: "Ìmọ̀ kì í ṣe gàrí, a kì í fi kóńgò wọ̀n ọ́n tà." Músíyé ò jogún ilẹ̀, kò jogún oko kòkó, ọ̀rọ̀ yìí ló jogún, ó sì ń fi í ṣakọ káàkiri. Láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́, ẹnu rẹ̀ ò dárúkọ iye rí. Ó sì gbà tọkàntọkàn, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò purọ́, pé owó oṣù nìkan ni owó tó ń wọlé fún òun láyé.

Oṣù keje ọdún yìí ni yóò fẹ̀yìn tì. Owó ìfẹ̀yìntì, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rìn, ìgbín ń yà á sílẹ̀. Ọlọ́run wá bá a ṣe é, ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Ìlaròó tó ń kó ẹrù lọ sí Kútọnu ní kó wá máa bá àwọn tú àwọn lẹ́tà àwọn sí Faransé, kó sì máa gba owó lóṣooṣù. Inú Músíyé dùn débi pé ó ń kọrin nínú balùwẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Nǹkan méjì péré ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà béèrè. Èkíní ni iye tí yóò máa gbà. Èkejì ni ìwé ẹ̀rí pé kò jẹ ìjọba ní owó-orí, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọkùnrin kan ń bẹ ní Pọ́bẹ̀ lẹ́yìn ibodè tó ti ń dúró de iṣẹ́ náà.

Músíyé dáhùn ti èkíní pé, "Ohunkóhun tí ọkàn yín bá sọ, sà." Ọ̀gá náà ní ọkàn òun kì í sọ̀rọ̀, kó lọ ronú. Ti èkejì, Músíyé ní kékeré nìyẹn, ṣebí ìjọba ti ń yọ owó-orí nínú owó oṣù òun kó tó dé ọwọ́ òun láti ọdún gbọọrọ.

Ọjọ́ Ajé ló gba ọ́fíìsì owó-orí lọ. Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù. Ó kọ orúkọ, ó kọ ọjọ́ orí, ó kọ owó oṣù rẹ̀ síbi tí wọ́n ní kó kọ ọ́ sí. Lábẹ́ rẹ̀, fọ́ọ̀mù náà tún béèrè owó mìíràn tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá yàtọ̀ sí owó oṣù, ì báà ṣe láti inú iṣẹ́ àdáni tàbí òwò. Músíyé kọ "kò sí" gbàgà-gbàgà, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tó ń máàkì ìdánwò, ó gbé e fún akọ̀wé tó jókòó sí tábìlì.

Akọ̀wé náà, Habeebah ni, ọmọ Bàrúwà, àgbẹ̀ oníṣu kan ní Igbogila. Ilé Músíyé ni Habeebah náà ti gba lẹ́sìnnì nígbà tó wà ní girama. Ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ tàyẹ́sí-tàyẹ́sí, ó padà jókòó, ó ka fọ́ọ̀mù, ó tún un kà.

"Músíyé, ẹ kọ 'kò sí' síbí, sà."

"Kò sí náà ni."

"Ta ló kọ́ Hussainat àbúrò mi ní lẹ́sìnnì lọ́dún tó kọjá?"

"Èmi ni. Ọmọ yẹn mọ̀wé, kò dà bí ìwọ tó máa ń sùn mọ́ mi lójú."

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Habeebah ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Ṣé ọ̀fẹ́ lẹ kọ́ ọ ni, sà?"

"Ọ̀fẹ́ ni. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ."

"Iṣu tí wọ́n ń gbé wá fún yín lóṣooṣù ńkọ́?"

"Ẹ̀bùn nìyẹn. Inú rere bàbá rẹ ni."

Habeebah fi bírò rẹ̀ lélẹ̀. "Sà, ẹ̀bùn ò ní owó-orí nínú. Ṣùgbọ́n èyí tó ń tẹ̀lé iṣẹ́ lóṣooṣù, tó jẹ́ pé tí iṣẹ́ bá dúró òun náà á dúró, owó iṣẹ́ nìyẹn. Ì báà jẹ́ iṣu, ì báà jẹ́ sẹfà, iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà lẹ máa kọ. Ẹ lọ kọ gbogbo rẹ̀ wá. Tí ẹ bá mú un dé lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ náà gan-an ni màá fún yín ní ìwé ẹ̀rí yín. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ kọ yìí, mi ò ní buwọ́ lù ú."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí ọmọbìnrin náà ṣe sọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀, ṣùgbọ́n Músíyé ò kíyè sí i. Ohun tó ń ká a lára ni pé ọmọ tí òun kọ́ ní bọ́ńjù ló dá òun padà sílé lójú gbogbo èèyàn bí ẹni tó féèlì.

Nígbà tó délé tó ro ẹjọ́ fún Àṣìkẹ́, ẹ̀gúsí ni ìyẹn ń bó. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà sílẹ̀.

"Bàbá Ìtẹ́," ó ní, "ìgbà wo lẹ ra iṣu gbẹ̀yìn?"

Músíyé ronú, kò rántí.

"Adìẹ ńkọ́? Epo ńkọ́? Ọṣẹ gan-an alára, ìgbà wo lẹ fi owó ọṣẹ ra ọṣẹ rí?"

"Àṣìkẹ́, ìmọ̀ kì í ṣe gàrí."

"Mo ti gbọ́. Èyí tí ẹ fi ẹ̀pà mu lọ́sàn-án yìí ńkọ́, ṣé ìmọ̀ ni?"

Àṣìkẹ́ ṣa ẹ̀gúsí rẹ̀, ó sì dá a nímọ̀ràn pé kó lọ bá àwọn tó ń bá ṣiṣẹ́, kó bi wọ́n ní iye tí wọ́n fún un lọ́dún tó kọjá. Ó ní ẹni tó gbà lè gbàgbé, ẹni tó fún ni kì í gbàgbé. Ìmọ̀ràn náà dára létí, òun ló sì da gbogbo nǹkan rú. Ẹ rántí pé a kì í bi tíṣà ní èló. Ìkejì rẹ̀ tún wà, tí Músíyé ọmọ Ayétòrò yẹ kó mọ̀: a kì í bi ẹni tó ti fún wa ní nǹkan pé mélòó lo fún mi. Tí o bá bi í, ohun tí o ń wí ni pé ó kéré.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọkọ̀ lọ sí Òkè-Ọ̀dàn lọ bá Àlájà Sàlímọ́tù, obìnrin tó ń kó gàrí ránṣẹ́ sí Kútọnu. Ó bá a nídìí gàrí, kóńgò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kíra, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọmọ, Músíyé wá tú ọ̀rọ̀ jáde.

"Àlájà, gbogbo iṣẹ́ tí mo bá yín ṣe lọ́dún tó kọjá, èló lẹ ti fún mi ná?"

Kóńgò dúró sáàárín méjì. "Músíyé, ẹ má bínú. Mo ti ń sọ ọ́ nínú ara mi pé ó kéré."

"Kò kéré. Mo kàn fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

"Ẹ fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀." Sàlímọ́tù gbé kóńgò sórí gàrí, ó na apá rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó ti ń kọ oore èèyàn sílẹ̀, inú rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àlà nìyẹn. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mẹ́rin ni lóṣooṣù, ojú sì ń tì mí. Ẹ jókòó."

Músíyé ṣàlàyé owó-orí. Ó ṣàlàyé fọ́ọ̀mù. Bó ṣe ń ṣàlàyé ni Àlájà ń fi kóńgò bu gàrí sínú àpò, tó ń ní òye yé òun, òye yé òun gan-an. Ìdajì àpò gàrí ló gbé lé Músíyé lẹ́sẹ̀ nínú mọ́tò tó ń padà, pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nínú ọ̀rá. Eruku gàrí mú kí obìnrin tó jókòó tì í sín láti Òkè-Ọ̀dàn títí dé Igbogila, kò sì dákẹ́ èébú.

Kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó mọ́ tán, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé Ayétòrò. Fóònù kì í jẹ́ kí èèyàn simi. Mùnírù awakọ̀, tí Músíyé ń bá ka ìwé aṣọ́bodè, ló kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn. Adìẹ méjì wà lábẹ́ apá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ẹ ti ń kọ orúkọ wa sínú ìwé."

"Ìwé ìjọba ni, Mùnírù."

Àṣìṣe tún nìyẹn. Àwọ̀ Mùnírù yí padà. Ó so adìẹ mọ́lẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, ó sì padà wá pẹ̀lú ẹ̀kẹta. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Músíyé ti kún. Adìẹ méje ló wà níbẹ̀, àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan, àti búrẹ́dì gígùn ti Kútọnu tí ẹnìkan so pọ̀ bí igi ìdáná, àti sẹfà tí wọ́n ká sínú ewé ìwé. Gbogbo wọn ń bẹ̀bẹ̀. Músíyé jókòó sáàárín wọn pẹ̀lú bírò, iye tó bá kọ kò tíì gbẹ tí ẹlòmíràn yóò fi gbé nǹkan wọlé, Músíyé yóò sì tún pa á rẹ́. Ó ń gbìyànjú láti ka owó tó wọlé fún un, bó ṣe ń kà á ló ń pọ̀ sí i.

"Músíyé mi," Àṣìkẹ́ ní láti ilé ìdáná, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bi wọ́n lọ́la. Iyọ̀ wa ti fẹ́ tán."

Músíyé ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹ̀rín lọ́kàn rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló kù, fọ́ọ̀mù ti dọ̀tí, ọkùnrin Pọ́bẹ̀ sì ń dúró. Èyí tó ń dùn ún jù ni pé tí òun bá fi ọwọ́ òun kọ ọ́ pé owó iṣẹ́ ni gbogbo èyí, òun ti ń fi kóńgò wọn ìmọ̀ tà láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn nìyẹn, òun ò sì mọ̀. Kí ni òun fẹ́ sọ fún bàbá òun tí àwọn bá pàdé lọ́run?

Ó wá dá ọgbọ́n kan. Ṣebí iṣu Bàrúwà ni Habeebah fi mú òun. Tí Bàrúwà fúnra rẹ̀ bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹ̀bùn ni, ọmọ wo ni yóò já bàbá rẹ̀ nírọ́? Tí iṣu bá ti di ẹ̀bùn, gàrí náà á di ẹ̀bùn, adìẹ á di ẹ̀bùn, òun á sì padà kọ "kò sí" òun pẹ̀lú ìlà méjì lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló gun ọ̀kadà lọ sí Igbogila.

Bàrúwà jókòó sábẹ́ abà, ó ń gé èbù iṣu. Àgbàlagbà ni, ó ju Músíyé lọ bí ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kò fi "o" bá tíṣà sọ̀rọ̀ rí. Ó ní kí wọ́n sun iṣu fún àlejò, wọ́n gbé epo tì í. Músíyé jẹ díẹ̀, ó nu ọwọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Habeebah pé ẹ̀bùn ni iṣu tí ẹ ń gbé wá. Ẹ ní inú yín ló dùn sí mi."

Bàrúwà dá ọ̀bẹ dúró. "Ẹ̀bùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi ni mo ń fún yín lẹ́bùn."

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Bàrúwà ò pariwo. Ó sàn kó pariwo. Ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀ lórí èbù, ó wo Músíyé tààrà. "Ọmọ mẹ́ta lẹ bá mi kọ́. Lọ́dún tí ẹ bẹ̀rẹ̀ Habeebah, ọ̀dá dá, iṣu tí mo wú lóko ò kún apẹ̀rẹ̀ méjì. Márùn-ún nínú rẹ̀ ni mo gbé wá bá yín lóṣù yẹn. Ẹ rántí?"

Músíyé rántí. Iṣu tínínrín-tínínrín ni, Àṣìkẹ́ tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Láfún nìkan ni ilé mi jẹ lóṣù yẹn. Músíyé, ẹni tí ilé rẹ̀ ń jẹ láfún, ṣé òun ló ń fún oníṣẹ́ ìjọba lẹ́bùn iṣu? Owó ni mo ń san. Mi ò ní náírà, iṣu ni mo ní, iṣu ni mo san. Oṣù kan ò yẹ̀ lórí mi. Lónìí Habeebah jókòó sórí àga ìjọba, mo sì ń fi í yangàn láàárín ẹgbẹ́ mi pé èmi ni mo sanwó ẹ̀kọ́ ọmọ mi. Tí ẹ bá wá ní ẹ̀bùn ni, a jẹ́ pé ọ̀fẹ́ lẹ bá mi kọ́ wọn. A jẹ́ pé mo jẹ yín ní gbèsè ọmọ mẹ́ta, mo sì ń rìn láàárín ìlú."

Músíyé ti àwo iṣu sísun sẹ́yìn.

"Bàbá yín ní ìmọ̀ kì í ṣe gàrí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín títí. Ó dáa. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ ní ohun tí mi ò ní, mo ní ohun tí ẹ kò ní. Ta ló wá ń ṣàánú ta nínú wa?"

Ojú ti Músíyé débi tí ojú lè ti èèyàn mọ. Láti ọjọ́ yìí ló ti ń pè é ní ìrẹ̀lẹ̀, tó ń ní òun ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àṣé gbogbo ìgbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ẹni tó san gbèsè rẹ̀ pé di ẹni tó gba ọ̀fẹ́. Ìgbà yẹn ló tún rí ojú Habeebah ti ọjọ́ Ajé lọ́kàn rẹ̀. Kì í ṣe òfin nìkan ni ọmọ náà ń gbèjà. Bàbá rẹ̀ ni Músíyé kọ "kò sí" lé lórí, tó tún fa ìlà méjì sí i.

Ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ abà, nínú èèpo iṣu. "Ẹ má bínú, sà." Nígbà tó dìde, ó mú bírò jáde. "Mélòó ni lọ́dún tó kọjá, Bàbá?"

Bàrúwà ò ronú. "Márùn-ún márùn-ún, oṣù mẹ́wàá. Àádọ́ta. Nígbà tí èsì ìdánwò Hussainat jáde, mo fi ọ̀kan lé e. Ìyẹn nìkan ni ẹ̀bùn, ẹ má kọ ìyẹn síbẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì tán tí Músíyé fi dúró níbẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tuntun, tí ó kọ mọ́ tónítóní. Habeebah kúnlẹ̀ kí i, ó gbà á. Músíyé ń wo ìka rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwé, ó sì rí i tí ó dúró lórí ìlà àkọ́kọ́ lápá ibi tí wọ́n ti kọ owó mìíràn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: Bàrúwà, Igbogila, iṣu àádọ́ta, owó lẹ́sìnnì Hussainat.

"Ọ̀kan ń bẹ tí mi ò kọ," Músíyé ní. "Bàbá rẹ ní ẹ̀bùn ni."

"Mo mọ̀, sà." Habeebah ò gbójú sókè. "Èmi ni mo bá wọn yàn án nínú abà. Èyí tó tóbi jù ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Músíyé ní adìẹ méje wà nílé àti epo àti ìdajì àpò gàrí tí wọ́n gbé dé lọ́sẹ̀ yìí, níbo ni kí òun kọ wọ́n sí? Ibẹ̀ ni Habeebah ti rẹ́rìn-ín wàyí, tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní ti ọdún tó kọjá ni àwọn ń ṣe, àwọn tọ̀sẹ̀ yìí á dúró de fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀, kí Músíyé rọra máa kọ wọ́n sílẹ̀ lóṣooṣù, kó sì má bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè mọ́. Owó-orí tó kàn án láti san lórí gbogbo rẹ̀ kò ju owó adìẹ méje lọ, adìẹ méje náà sì ń kọ nílé. Ó san án ní báńkì, ó mú rìsíìtì padà wá, Habeebah lu òǹtẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé ẹ̀rí fún ọ̀gá rẹ̀.

Níta, Músíyé ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ akẹ́rù. Ìyẹn pè é lójú ẹsẹ̀.

"Ìwé ti dé. Ẹ ò tíì dáhùn tàkọ́kọ́. Èló ni?"

Músíyé ronú kan iṣu márùn-ún márùn-ún. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà lóṣooṣù, sà."

"Ó dáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ̀yìn tì." Ó pa fóònù. Ọ̀gá náà ò bú u, òun náà ò sì gbọ́ kí ilẹ̀ ya.

Ó sáré délé lọ rò ó fún Àṣìkẹ́. Inú ìyẹn dùn, ó ní kí wọ́n pa adìẹ kan kó tó di tọdún tó ń bọ̀. Nígbà tó gbọ́ ti iṣu kan tó jẹ́ ẹ̀bùn, ó dá ọwọ́ dúró.

"Èwo nínú rẹ̀ ni?"

"Èyí tó tóbi jù ni, Habeebah ní."

"A ti jẹ ẹ́, Músíyé. Mọ́kànléláàádọ́ta la jẹ, èmi ò mọ èyí tó yàtọ̀. Ṣé ẹ dúpẹ́ rẹ̀?"

Músíyé jókòó. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọn kì í fúnni ní nǹkan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí èèyàn má lọ dúpẹ́ àná. Músíyé ti pe àádọ́ta iṣu tí kì í ṣe ẹ̀bùn ní ẹ̀bùn, ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ ẹ̀bùn, ó gbé e jẹ láì dúpẹ́. Ó mú fóònù, ó pe Igbogila.

"Bàbá, ẹ ṣeun iṣu kan ọjọ́sí o. Ó tóbi, ó dùn. Ọlọ́run á fi kún un."

Músíyé ń gbọ́ tí ọ̀bẹ Bàrúwà ń gé èbù.

"Ẹ ò bá má ṣe wàhálà, Músíyé," ó ní. "Kò tó nǹkan."